Wọ́n ń dẹ̀gbẹ́ lóko wa lóru, wọ́n sì ti dojú ìbọn kọ mí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọOlóko, Ṣúrùlérè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣúrùlérè ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, ṣùgbọ́n bàbá wa fi oko éékà 14 sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ìyókù ṣì jẹ́ igbó. Sátidé ni mo máa ń lọ. Òṣìṣẹ́ méjì ló ń gbé ahéré tó wà níbẹ̀.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àwọn kan ti ń wọlé lóru wá dẹ̀gbẹ́. Ìró ìbọn la kọ́kọ́ ń gbọ́. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí tàkúté. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á so ó mọ́ igi tútù tí wọ́n tẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á da ewé bò ó lójú ọ̀nà tí ọ̀yà ń gbà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa, ọmọ ọdún 19, ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan níbi tó ti ń bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Igi yẹn ta sókè, ó gbé e lẹ́sẹ̀ kan, wáyà sì wọ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí a fi ń rí funfun nínú ẹran. Èkejì rẹ̀ ló fi àdá gé igi náà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sun oko. Ní nǹkan bí aago kan òru, ìbọn dún, kò jìnnà sí ahéré rárá. Mo mú tọ́ọ̀ṣì àti àdá, mo jáde. Mo rí iná mẹ́ta tí wọ́n dè mọ́ orí. Mo pariwo pé, "Ta nìyẹn?" Ọ̀kan yíjú sí mi, iná orí rẹ̀ bọ́ sí mi lójú, n kò rí nǹkan mìíràn mọ́ àfi ẹnu ìbọn ṣakabùlà tó nà sí àyà mi. Ó ní, "Ẹ padà sílé, bàbá. Ẹ má jẹ́ ká ṣèèṣì o." Mo ń fẹ̀yìn rìn títí mo fi fara kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àbúrò mi tó wà ní Mushin ti bá ọmọkùnrin mẹ́jọ sọ̀rọ̀. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ká wa ọkọ̀ lọ lóru, ká ká wọn mọ́ inú oko, ká dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ní ká gbẹ́ kòtò, ká ri irin ṣóńṣó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú nítorí ọ̀yà. Mi ò sì lè fi oko bàbá mi sílẹ̀ fún wọn. Kí ni kí n ṣe?

ỌmọỌdẹÌṣẹ́yìn, Agége

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Ẹ kú orí ire.

Kí ẹ tó ka ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ, ẹ pe àbúrò yín báyìí, kí ẹ sọ fún un pé kò sí ọkọ̀ tó ń lọ síbì kankan lóru. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọdẹ ni bàbá mi, mo sì bá a dẹ̀gbẹ́ kí n tó wá sí Èkó. Ẹni tó ń dẹ̀gbẹ́ lóru kò rí ju ibi tí iná orí rẹ̀ bá mọ lọ. Ohun tó ń wá ni ojú ẹran tó bá tàn yanran nínú òkùnkùn. Tí èèyàn mẹ́jọ bá ń bọ̀, tí wọ́n ń ṣẹ́ igi lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri, ẹ̀rù yóò ba àwọn náà, wọ́n á yìn ín. Ṣakabùlà sì rèé, ọta inú rẹ̀ máa ń fọ́n ká, kò mọ ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Mo wà lára àwọn tó gbé òkú àbúrò bàbá mi wálé láti igbó. Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ló rò pé ìgalà ni. Ẹni tó yìnbọn náà kò dẹ̀gbẹ́ mọ́ títí tó fi kú.

Wàyí o. Kò sí ìbọn lábúlé tí olórí ọdẹ kò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, kí baálẹ̀ ránṣẹ́ sí olórí ọdẹ. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú àgbàlagbà kan láti ìdílé yín. Ẹ mú obì, orógbó àti ọtí dání. Ẹ má fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, nítorí kò sí ọdẹ gidi tí ojú kò ní tì tí wọ́n bá ní tàkúté rẹ̀ mú èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé: ta ló ń dẹ̀gbẹ́ nínú igbó yìí kí bàbá wa tó rà á?

Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bàbá ẹni tó dojú ìbọn kọ yín ti ń ṣọ́ ẹran níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó gbọ́ orúkọ abúlé náà. Níbi tí mo ti wá, ọdẹ tó bá pa ẹran ńlá lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn máa ń gbé itan kan fún onílẹ̀. Kì í ṣe torí ẹran. Bí onílẹ̀ ṣe ń mọ ẹni tó wọ ilẹ̀ òun nìyẹn, ìgbà tó wọ̀ ọ́ àti ọ̀nà tó gbà.

ỌmọOlóko, Ṣúrùlérè

Mo ti pe àbúrò mi. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ẹ ṣé gan-an.

Ọdún 1988 ni bàbá wa ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, sọ́fè àti rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti wọ ilé baálẹ̀, nígbà tí a ń sìnkú bàbá wa. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ mi máa ń gba iwájú ilé wọn kọjá ni.

ÌyáẸlẹ́ja, Yábàá

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nínú egungun. Ìkòròdú ni adágún ẹja mi wà. Nígbà tí àwọn ọmọ kan ń wá fi àwọ̀n kó ẹja mi lóru, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lábúlé, àgọ́ ọlọ́pàá ni mo gbà lọ tààrà. Wọ́n mú méjì. Ọjọ́ kejì, àwọn òbí wọn ti gba béèlì wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, mo bá ẹja mi lójú omi, gbogbo wọn yíkùn sókè, òórùn gamalin, oògùn apakòkòrò, gba gbogbo ibẹ̀. Ẹja tí mo ti bọ́ fún oṣù márùn-ún. Mo fi ọwọ́ ara mi kó wọn sínú ihò torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ kó kú.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ni abúlé kọ́kọ́ rí, ọ̀tá ni wọ́n á kà yín sí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni mo tó lọ jókòó ti àwọn ìyá wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló bá mi wá ẹni tó ń ṣọ́ adágún báyìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jí ẹja mi lónìí, ẹbí ara rẹ̀ ló máa bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ sin ajá. Ajá méjì tó ń gbó dáadáa, kí wọ́n máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ ahéré. Ẹni tó bá ti gbọ́ wọn á mọ̀ pé ẹ ti jí, á gba ibòmíràn lọ, ẹ ò sì ní í jáde rárá. Mo tún ri iná sólà mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kòbẹ̀rù, Mushin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí obì àti ọtí yìí. Ta ló ń gbé ọtí lọ bẹ olè? Wọ́n lu bàbá ìyàwó mi lóko rẹ̀ ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún 71, nítorí ó ní kí wọ́n má sun igbó òun. Eyín méjì ló bọ́. Àwọn kan lọ bá baálẹ̀, baálẹ̀ ní òun á wádìí, a ṣì ń retí rẹ̀. Tí a bá ń bẹ̀ wọ́n, ọ̀la wọ́n á wá gba ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

ỌmọỌdẹÌṣẹ́yìn, Agége

Ẹ kú ìpalára bàbá, kí Ọlọ́run wo wọ́n sàn. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn, ìbínú yín tọ́.

Àwọn tó ń wọ oko lóru ò rí bákan náà, ibẹ̀ ni èmi ń sọ. Ọdẹ abúlé máa ń yẹ tàkúté rẹ̀ wò láràárọ̀, torí ẹran ló fẹ́ jẹ, kò fẹ́ kó jẹrà. Tí ẹ bá rí tàkúté tí òkú ẹran ti jẹrà sí, tí ìdin ti bò ó, àwọn tó wá láti ọ̀nà jínjìn ló dẹ ẹ́. Wọ́n á dẹ ogójì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gun ọ̀kadà lọ, wọ́n á padà wá nígbà tó bá wù wọ́n. Àwọn yẹn ò mọ baálẹ̀, wọn ò sì bẹ̀rù olórí ọdẹ. Abúlé gan-an kì í fẹ́ràn wọn, torí ẹran tó yẹ kí ọmọ abúlé pa ni wọ́n ń kó lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lọ sọ́dọ̀ olórí ọdẹ. Òun ni yóò ràn yín lọ́wọ́ láti mọ̀ èwo nínú wọn lẹ ní.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n gbé ìbọn tí kì í ṣe ẹran ni wọ́n wá. Gbogbo wa mọ ohun tí ojú àwọn olóko ti ń rí lọ́wọ́ ajínigbé. Tí ẹ bá rí ibi tí èèyàn dáná sí, tí wọ́n sùn sí, tí ẹ ò rí ìyẹ́ tàbí awọ ẹran kankan níbẹ̀, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ kó òṣìṣẹ́ yín kúrò lóko lọ́jọ́ yẹn.

AmòfinẸ̀bùn, Èbúté-Mẹ́ta

Iṣẹ́ amòfin ni mò ń ṣe, mo fẹ́ fèsì sí ti kòtò àti ti ọmọkùnrin mẹ́jọ.

Ẹ má gbẹ́ kòtò yẹn. Òfin ìwà ọ̀daràn ka dídẹ tàkúté tó lè pa èèyàn tàbí ṣe é léṣe sí ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ tara yín ni. Ọmọ tó wá ṣa igi lè já sínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ yín náà lè já sínú rẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ jáde, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é léṣe nítorí ọ̀yà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbígbèjà ara ẹni kì í wọlé àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, tí ipá tí ẹ lò kò sì ju ewu náà lọ. Ẹni tó wa ọkọ̀ láti Mushin ní aago mẹ́wàá alẹ́ láti lọ ká èèyàn mọ́ oko kò lè sọ fún adájọ́ pé òun ń gbèjà ara òun. Tí ẹnìkan bá kú lóru yẹn, ìbáà jẹ́ ọdẹ tàbí ọ̀kan nínú wọn, gbogbo àwọn tó lọ àti ẹni tó rán wọn lè jẹ́jọ́ ìpànìyàn.

Ẹ má ra ìbọn. Òfin ìbọn ti 1959 ní kí ẹni tó ní ìbọn ní ìwé àṣẹ, ṣakabùlà pàápàá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó dojú ìbọn kọ yín lè má ní ìwé àṣẹ rárá, ìyẹn wà lára ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tó yẹ kí ẹ ní báyìí ni ìwé. Ẹ ya fọ́tò tàkúté kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó wà. Ẹ gba ìwé ilé ìwòsàn ọmọ yẹn. Ẹ lọ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, kì í ṣe torí kí wọ́n lọ mú èèyàn lálẹ́ ọjọ́ náà, torí kí àkọsílẹ̀ wà pé ẹ ti ké gbàjarè. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, Lagos Neighbourhood Safety Corps, tí òfin 2016 dá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ oko yín. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 àti 112, kí òṣìṣẹ́ yín mọ̀ ọ́n sórí. Kí ẹ sì kọ pátákó sí ojú ọ̀nà mẹ́ta tó wọ oko, ní Yorùbá: A KÒ GBỌDỌ̀ DẸ̀GBẸ́ TÀBÍ DẸ TÀKÚTÉ NÍBÍ, ÈÈYÀN Ń ṢIṢẸ́ NÍNÚ OKO YÌÍ. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ.

Nọ́ọ̀sìÌsàlẹ̀Èkó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara. Ọmọ tí wáyà gé yẹn, ṣé ó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì? Wáyà tó ti dípẹtà nínú ilẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná. Tí kò bá tíì gbà á, kó lọ lónìí.

Tí ìbọn bá ba ẹnikẹ́ni, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọta. Ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù. Tí wọ́n bá ní ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ sọ fún wọn pé òfin àpapọ̀ ti 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Ilé ìwòsàn fúnra wọn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán níbi tí wọ́n ti ń jiyàn ìwé. Ẹ fi nọ́ńbà ọlọ́kadà kan tó ń gbé nítòsí oko sórí fóònù òṣìṣẹ́ méjèèjì.

ÌyáAlásè, Ìdúmọ̀tà

Mo ń ta oúnjẹ, mo sì máa ń ra ẹran ìgbẹ́ ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, kí n má parọ́. Àwa tí a ń jẹ ẹ́ l'Ékòó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó wa ló ń rán ọ̀kadà lọ sínú oko yín. Mo ti ń bi àwọn tí mò ń rà lọ́wọ́ wọn léèrè ibi tí wọ́n ti pa á, ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ ní tààrà, mi ò ra tiẹ̀ mọ́.

Ẹ tún wo igi oko yín dáadáa. Tí ẹ bá rí igi oníhò tí wọ́n gé lulẹ̀, tí ẹ rí ìpẹ́ nílẹ̀, akika (pangolin), ẹran onípẹ́ yẹn, ni wọ́n ń wá. Òfin àpapọ̀ ti 1985, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, dáàbò bo akika. Ní 2021, àwọn aṣọ́bodè gba ìpẹ́ akika tó lé ní tọ́ọ̀nù 17 ní Lekki níbí. Ẹni tó ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ kì í ṣe ẹni tó ń wá ẹran ọbẹ̀ alẹ́. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ o, ẹ pe ìjọba.

Àgbẹ̀Ìkejà

Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro gbogbo ẹ̀gbẹ́ ààlà oko mọ́, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Àwọn kan máa ń tiná bọ igbó kí ẹran lè sá jáde. Ìyẹn ló jó ọ̀pẹ tèmi.

ỌmọOlóko, Ṣúrùlérè (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn)

Ẹ kú àdúrótì. Ọmọ yẹn ti gba abẹ́rẹ́, ó ti ń tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Èmi, ẹ̀gbọ́n bàbá wa àti àbúrò mi láti Mushin la lọ, aago mọ́kànlá àárọ̀. Baálẹ̀ kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé ẹ wá rántí wa lónìí." Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí olórí ọdẹ, òun náà dé pẹ̀lú ọdẹ mẹ́fà.

Mo gbé wáyà tó gé ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Olórí ọdẹ mú un, ó fi àtàǹpàkò wá kókó rẹ̀, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó gbé e fún ẹnìkejì rẹ̀. Ó ní, "Àwa kì í so ó báyìí." Ó fi hàn mí: tiwọn ní kókó méjì, kó má baà fún ju ìwọ̀n kan lọ, torí wọn kì í fẹ́ kó gé ẹsẹ̀ ẹran já. Eléyìí ní kókó kan ṣoṣo.

Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wọn dìde, ọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 35 lọ. Ó ní òun lòun dojú ìbọn kọ mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun rí àdá mi tó ń kọ mànà nínú iná, òun rò pé ẹnu ìbọn ni, ìka òun ti wà lórí rẹ̀. Ó ní ohùn mi ló gbà mí, torí ó dà bí ohùn àgbàlagbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àbúrò mi ló fà á dìde.

A jọ wọ oko lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo wa. Tàkúté 31 la tú. Márùn-ún péré ló ní kókó méjì. Ìyókù jẹ́ ti àwọn àlejò, òkú ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀yà ti jẹrà sí mẹ́fà nínú wọn. A ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, a sì fi lé ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò lọ́wọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọdẹ abúlé á máa dẹ̀gbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀ nìkan, wọn ò ní í dẹ tàkúté síbi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́, wọ́n á sì pè mí kí wọ́n tó wọlé. Èmi náà ṣèlérí pé òṣìṣẹ́ wa kò ní í jáde tí wọ́n bá gbọ́ ìbọn. Kòbẹ̀rù, mo bá baálẹ̀ sọ ti bàbá ìyàwó yín, wọ́n ní àwọn mọ ẹni tí ẹ lè rí ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ẹ kọ̀wé sí mi.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, olórí ọdẹ pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn rí ọ̀kadà méjì tí kò ní nọ́ńbà lẹ́bàá odò, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ti pe Ẹ̀pẹ́. Mo bi í pé ṣé wọ́n sún mọ́ wọn. Ó ní rárá, pé ẹ̀yìn ọgbà baálẹ̀ làwọn jókòó sí.